Bí omi ìlú bá ń fà sẹ́yìn: òfin wo ló ń dá omi dúró, èwo ló kàn ń ni aráàlú lára?

Àbíkẹ́ Olómi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú ìlú kan tí omi ìsédò, ìyẹn odò tí wọ́n sé mọ́ fún ìlú láti mu, bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọn aláṣẹ a gbé òfin jáde: ẹ má fi rọ́bà omi (páìpù rírọ̀ tí a fi ń fọ́n omi) fọ mọ́tò, ẹ má bomi rin kóríko lọ́sàn-án, ẹ má rọ omi kún adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn. Mo fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Èwo nínú wọn ló ń dín omi kù lóòótọ́?

Ojú tèmi ni pé òfin tí kò dárúkọ iye kò tíì di òfin. Bí ẹ bá ní "ẹ ṣọ́ omi lò," ẹni tí kò mọ iye tó ń lò kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wo Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 2017 wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má lò ju lítà 87 lójúmọ́. Nígbà tó di 1 Oṣù Kejì 2018, wọ́n sọ ọ́ di 50. Wọ́n sì la ohun tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀ fún gbogbo èèyàn: bí omi ìsédò bá já sí ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn yóò ti ẹ̀rọ omi ilé pa, kálukú yóò sì lọ tò sí ojúkò bíi 200 káàkiri ìlú láti gba lítà 25. Day Zero ni wọ́n pe ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ náà kò dé. Ìlú tó ń lo omi tó lé ní bílíọ̀nù lítà kan lójúmọ́ ní 2015 ti dín in kù sí bí ìdajì nígbà tó fi di 2018.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i. Ṣé iye yẹn ló ṣiṣẹ́, àbí ẹ̀rù?

Baba Páìpù

Àbíkẹ́, o ṣeun. Iṣẹ́ páìpù ìlú ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀.

Kí òfin tó dé orí rọ́bà onílé, ilé-iṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ tó yẹ kó ti ṣe. Bí omi bá ṣe ń tì tó nínú páìpù ló ń sọ iye tí yóò jò. Lóru, tí èèyàn ti sùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ̀rọ, ìgbà yẹn gan-an ni omi ń tì jù, ìgbà yẹn náà ni ihò ń tú omi jù. Tí wọ́n bá dín agbára yẹn kù láàrin òru, ihò kan náà á jò díẹ̀, onílé kò ní mọ̀ pàápàá. São Paulo ní Brazil ṣe é ní 2014 sí 2015, nígbà tí àwọn ìsédò Cantareira fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ débi pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wá fa omi tó wà nísàlẹ̀ ojú páìpù tó yẹ kó máa gbé e jáde. Ó dín omi kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé orí òkè àti àwọn tó wà ní ìparí páìpù ló san gbèsè rẹ̀, torí omi kì í dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ omi bá fẹ́ dín agbára omi kù, kí ó kéde wákàtí rẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ omi ránṣẹ́ sí orí òkè.

Ó tún wà. Ní 1 Oṣù Kejì 2024, Catalonia ní Sípéènì kéde pàjáwìrì nígbà tí omi ìsédò wọn ti bọ́ sísàlẹ̀ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi òté lé e: lítà 200 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ẹ má rò pé àpọ̀jù ni. Orí ìjọba ìlú ni wọ́n gbé e lé, wọn ò gbé e lé orí ilé. Gbogbo omi tó wọ ìlú ni wọ́n ń kà, ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ọgbà ìjọba, títí kan èyí tó jò dànù lójú ọ̀nà, wọ́n á wá fi iye èèyàn pín in. Ìlú tí páìpù rẹ̀ ń jò kò lè fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn aráàlú. Irú òfin tí mo lè fi ọwọ́ mi méjèèjì ti lẹ́yìn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́, Baba. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Àbíkẹ́, iye tó o ń wí dára, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kà? Mítà kì í ka orí èèyàn, ilé ló ń kà. Ní Cape Town tó o dárúkọ yẹn, ilé tó ń lò jù ni wọ́n lọ gbé ẹ̀rọ kan sí lójú páìpù, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí lítà 350 wọlé lójúmọ́, lẹ́yìn náà ó ti ara rẹ̀. Fún ọkọ àti aya nìkan, 350 ti pọ̀ jù. Fún ilé tí ìyá àgbà, ọmọ mẹ́rin, àti ìbátan méjì ń gbé, tí gbogbo wọn ń lo lítà 50 bí òfin ṣe wí, 350 ti tán ṣáká, àlejò kan ò gbọ́dọ̀ wọlé. Òótọ́ ni pé wọ́n fàyè gbà á kí ẹni tí ilé rẹ̀ kún kọ̀wé fún àfikún. Ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè lọ kọ̀wé? Ìyá tó ń jáde nílé ní ìdájí tó ń wọlé lálẹ́? Ẹni tí kò lè ka fọ́ọ̀mù? Àwọn tó nílò àfikún jù ni ọ̀nà ọ́fíìsì jìn sí jù.

Bí òfin bá fẹ́ ka orí, kí ó ka orí kó tó fi ẹ̀rọ síbẹ̀. Kí wọ́n má gbé ìnira kíkà náà lé ẹni tí omi ti dá lórí.

Oníṣirò

Ẹ̀yin ò tíì dé orí owó, orí owó sì ni gbogbo rẹ̀ ń pa dé.

Ọ̀nà méjì ni ìlú fi ń lo bíìlì láti dín omi kù. Èkíní, kí owó lítà máa gòkè bí o bá ṣe ń lò sí i. Lítà àkọ́kọ́, tí a fi ń mu, tí a fi ń se oúnjẹ, tí a fi ń wẹ̀, kí ó wọ́nlẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Lítà tí ń lọ sí orí kóríko ni kí ó gbówó lórí. Èkejì, ẹ̀bùn: São Paulo ní 2014 dín ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú bíìlì ẹni tó bá gé ìdá 20 kúrò nínú omi tó ń lò. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2015 wọ́n fi owó àlékún kún un fún ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn púpọ̀ ló dá omi sí torí ẹ̀bùn yẹn.

Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ti ń ṣọ́ omi lò láti ọdún pípẹ́. Kí ni yóò gé? Ẹni tó ń da omi nù tẹ́lẹ̀ ló rí ẹ̀bùn gbà. California gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Nígbà tí gómìnà wọn, Jerry Brown, pàṣẹ ní Oṣù Kẹrin 2015 pé kí omi tí àwọn ìlú ń lò fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, wọn ò bu 25 fún gbogbo ìlú. Ìlú tí aráàlú rẹ̀ ti ń lo díẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba ìdá tó kéré, èyí tó ń lò jù gba tó 36.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún aráàlú ṣáájú: bí ẹ bá gbọ́ràn tí ẹ dá omi sí, owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ omi á dín kù, bẹ́ẹ̀ páìpù, kẹ́míkà àti owó òṣìṣẹ́ kò dín kù. Wọ́n á wá gbé owó omi sókè. Inú á bí àwọn tó jìyà, wọ́n á ní "ṣé ìdí tí a fi ń wẹ̀ nínú ọpọ́n rèé?" Ìwà àìtọ́ ni kí wọ́n fi èyí pamọ́ títí òjò á fi rọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí òfin bá jáde.

Ọmọ Agbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ọmọdé dá sí i. Ìsédò tí ìlú ń mu, òun náà ni oko ń mu lọ́pọ̀ ibi. Gbogbo ìgbà tí omi bá tán ni wọ́n máa ń ní àwọn àgbẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ní Oṣù Kejì 2018, àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Elgin nítòsí Cape Town fi bí bílíọ̀nù lítà 10 sílẹ̀ nínú omi tí wọ́n tọ́jú sínú ìsédò ti ara wọn, ó ṣàn lọ sí ìsédò ìlú. Ìlú kò gba omi náà lọ́wọ́ wọn tipátipá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka àwọn tó gba ìlú yẹn là.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín: omi oko pọ̀ ju omi ilé lọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìlú tó ń dá onímọ́tò lẹ́kun fífọ mọ́tò nígbà tí kò sí ẹni tó ń ka omi oko, orí ìdá tó kéré ló ń jà sí. Kí mítà wà lóko náà. Àgbẹ̀ olóòótọ́ kò ní bẹ̀rù mítà.

Àbíkẹ́ Olómi

O ṣeun, Ọmọ Agbẹ̀, mi ò mọ ti Elgin tẹ́lẹ̀.

Baba Páìpù, mo ní ìbéèrè fún yín. Bogotá ní Kòlóḿbíà pín ìlú sí agbègbè mẹ́sàn-án ní Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n sì ń ti omi agbègbè kan pa fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà ó kan òmíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó dá a dúró ní Oṣù Kẹrin 2025. Ìyẹn kò ka orí, kò ka mítà, kò béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olówó àti tálákà ni wọ́n ti omi wọn pa lọ́jọ́ tiwọn. Ṣé kò dọ́gba ju gbogbo èyí tá a ti ń sọ lọ?

Baba Páìpù

Ó dọ́gba lórí ìwé. Olówó ní táńkì lórí òrùlé. Kò ní mọ̀ pé wọ́n ti omi pa. Ẹni tó ní korobá méjì ni yóò mọ̀.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ràn rẹ̀ ni ìlera. Páìpù tí omi kún inú rẹ̀ tó ń tì síta, ìdọ̀tí kò lè wọ inú rẹ̀ bó tilẹ̀ ń jò, torí omi ló ń jáde. Tí ẹ bá ti omi pa tí páìpù ṣófo, ohun gbogbo yí padà: ihò tó ń tú omi síta tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrẹ̀ wọlé, bí páìpù ìgbẹ́ bá wà nítòsí, á fa tirẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá ṣí i padà, omi á sáré wọlé pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ojú ìsopọ̀ tó ti gbó á fọ́, jíjò tuntun dé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwà èèyàn: ẹni tó mọ̀ pé omi ò ní wà lọ́la á pọn ohun tó lè lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí omi tuntun bá dé, á da ti àná nù kó tó pọn òmíràn.

Ti Bogotá, mo gbà pé wọ́n kéde ọjọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan ṣáájú, èèyàn lè múra. Ìyẹn dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá lè dín agbára omi kù, kí ó sì tún ihò dí, kí ó má ti omi pa.

Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n ti omi pa, ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó bá dé kọjá lọ sínú korobá ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má mu ún láìsè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba fún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, torí ọ̀dọ̀ tiwa ni ìgbẹ́ gbuuru tó ń tẹ̀lé omi tí wọ́n ń tì pa máa ń dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn aláìsàn kún un. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń lo omi tó ju 100 lítà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ìtọ́jú yìí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é nílé. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ní egbò ńlá, àgbàlagbà tí kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè fi lítà 50 gbé ọjọ́ kan. Òfin tó dára a máa kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, nípasẹ̀ ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú wọn. Kí a má retí kí aláìsàn lọ tò fún ìyọ̀ǹda.

Mo tún ń bẹ̀ yín: ọwọ́ fífọ̀ kọ́ ni ibi tí a ti ń dá omi sí. Ẹ gé e níbòmíràn.

Amòfin Kékeré

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń mú òfin ṣẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin omi ti ń kú.

Òfin rọ́bà rọrùn láti mú ṣẹ ju òfin lítà 50 lọ, torí gbogbo ojú ló ń rí rọ́bà. Rọ́bà kan tí a gbàgbé lórí kóríko lè tú tó lítà 1,000 dà ní wákàtí kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2010 fún ilé-iṣẹ́ omi láṣẹ láti fòfin de rọ́bà fún ìgbà díẹ̀, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ kọ́ ni ìtanràn náà. Ilé-iṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn tó kéré tán méjì àti sórí ojú-òpó rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ bí aráàlú ṣe lè fèsì sí i. Òfin tó bá èèyàn lójijì kì í rí ọ̀wọ̀ gbà.

Santa Cruz ní California ṣe ohun tó wú mi lórí ní 2014. Ẹni tó bá lo omi kọjá ìpín rẹ̀ gba ìtanràn, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń wá omi tó ń jò nínú ilé àti bí a ṣe ń ka mítà, wọ́n á fa ìtanràn náà rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí bíìlì rẹ̀ fò sókè ni kò mọ̀ rárá pé ìgbọ̀nsẹ̀ òun ń jò.

Mo takò kí aládùúgbò máa ya fọ́tò ara wọn láti fi ẹjọ́ sùn. Cape Town gba ọ̀nà mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018: wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ìlú, wọ́n fi àmì àwọ̀ ewé sí ilé tó ń lo omi níwọ̀n, wọn ò fi àmì kankan sí àwọn tó ń rú òfin. Àwọn kan ṣì bínú pé wọ́n tú àṣírí ilé àwọn, mo sì lóye wọn. Síbẹ̀, ó sàn ju kí a sọ aládùúgbò di ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì

Amòfin, o ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn tó ń kà yìí bí a ṣe ń dán an wò, kò náni ní nǹkan kan. Ẹ kán àwọ̀ díẹ̀ sínú omi táńkì ẹ̀yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún bí ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, ó ń jò. Rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ táńkì ló máa ń gbó, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Fún gbogbo ilé: ẹ ka mítà lálẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ sùn, ẹ tún un kà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ. Bó bá ti rìn, ẹ wá ihò.

Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ, ẹ dà á sí ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má tọ́jú u ju ọjọ́ kan lọ, ó ń rùn, ó ń bí kòkòrò. Omi tí a fi fọ aṣọ ìdí ọmọ kò sí lára rẹ̀, ẹ dànù. Ẹ má sì wọ́n omi ìfọṣọ sórí ewé tí a ń jẹ ní tútù.

Oníṣirò

Ìgbà wo ni kí òfin kúrò? Òjò kan péré rọ̀, gbogbo èèyàn á ti kígbe pé ó tó. Cape Town kò jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé lítà 50 lọ sí 70 ní Oṣù Kẹwàá 2018, lẹ́yìn náà sí 105 ní Oṣù Kejìlá, bí ìsédò ṣe ń kún. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, àwọn òfin díẹ̀ wà títí láé, òjò rọ̀, òjò ò rọ̀: rọ́bà ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó ń ti ara rẹ̀ bí a bá ti jẹ́ kó lọ. Mo rò pé èyí bọ́gbọ́n mu ju kí a máa sáré kọ òfin nígbà tí ìsédò ti gbẹ tán. Kí ìlú kọ gbogbo ìpele rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí omi ṣì kún: bí ìsédò bá dé ibí, òfin báyìí, bí ó bá padà gòkè dé ibẹ̀, òfin yẹn kúrò.

Baba Páìpù

Mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n sì máa gbé mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀: iye omi tó kù nínú ìsédò, iye tí ìlú lò, iye tó jò dànù. Ẹni tí kò bá gbé ẹ̀kẹta jáde kò gbọ́dọ̀ bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni.

Àbíkẹ́ Olómi

Mo ti ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Mo ṣì gbà pé iye gbọ́dọ̀ wà nínú òfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Baba ti mú kí n fi kún un pé kí orí ìjọba ìlú ni iye àkọ́kọ́ wà, kí ti onílé tẹ̀lé e. Ó ku ohun kan tí kò tíì yé mi, ó sì kan ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì lórí kíka orí. Ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ń gbé, tí mítà kan ṣoṣo wà fún, ta ni yóò sọ iye orí? Bó bá jẹ́ onílé, ó lè ní àwọn kò pé mẹ́wàá, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye èèyàn tó kó síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ìyà onílé ni ayálégbé máa ń jẹ.

Amòfin Kékeré

Kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ omi láìgba ọwọ́ onílé kọjá, kí wọ́n sì má fi orúkọ yẹn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mìíràn, yálà ti owó-orí tàbí ti ìwé ìgbélùú, torí ẹni tó bá bẹ̀rù ìyẹn kò ní fi ara rẹ̀ hàn láé. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ orúkọ, kí ìpín ilé náà ti gòkè. Bí ilé-iṣẹ́ omi bá ń ṣiyèméjì, kí ó wá wò ó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí omi máa ṣàn títí yóò fi wá.